Tẹlifíṣọ̀n Tó Panu Mọ́

Shukurat ra hẹ́dífóònù tí kò ní wáyà fún bàbá rẹ̀ kí ilé lè tòrò, ilé náà sì tòrò ju bí ó ṣe fẹ́ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, Alhaji Suara tó ni ilé dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn ní Ọ̀rílé Agége, ó ń retí kí tẹlifíṣọ̀n sinmi díẹ̀ kí òun lè sọ̀rọ̀. Tẹlifíṣọ̀n kò sinmi. Eré Yorùbá ni wọ́n ń ṣe. Obìnrin kan ń sunkún nínú rẹ̀, ẹkún náà sì ń jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń lọ dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn ayálégbé ti ń dáná.

"Kí ló wí?" Àlàmú, bàbá Shukurat, pariwo.

"Ó ní ọkọ òun ti ta ilé!" Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, pariwo padà sí i létí. "Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀?"

"Ìyá ọkọ ẹ̀ ni! Ó jókòó, ó ń jẹ obì!"

"Ó ń jẹ obì? Tí ọmọ ọlọ́mọ ń sunkún?"

"Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín!"

"Ìyá burúkú!"

Alhaji Suara mi orí. Ó fi ọwọ́ pe Shukurat síta.

"Shukurat, àgbà kì í wà lọ́jà—"

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òwe sílẹ̀. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Ọkùnrin náà wò ó. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó fi òwe sílẹ̀ lóòótọ́. "Ó dáa. Ìyá Bọ́látitó ní ọmọ òun ò rí oorun sùn. Ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ọ̀sán ló yẹ kí òun náà sùn. Wọ́n láwọn máa kó jáde. Wọn ò bá mi jà rí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ. Tí ariwo yìí ò bá dáwọ́ dúró kí oṣù tó parí, ẹ̀yin lẹ máa kó jáde."

"Bàbá mi ò gbọ́ràn dáadáa, Alhaji. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Àwa tó kù là ń gbọ́ràn."

Òótọ́ ló sọ.

Ibo ni wọ́n fẹ́ kó lọ? Yàrá àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, àwọn mẹ́ta: Shukurat, tó ti padà sílé láti ìgbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti túká, àti àwọn òbí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ ìfọyín ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ó ti ń dé ìdérí lé orí túùbù láti àárọ̀ dalẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, ohun tí wọ́n fi ń po ọṣẹ náà kì í tètè ti òkè òkun dé mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìlàjì ọ̀sẹ̀ péré ni wọ́n máa ń fi ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ, tó fi ń rìn bọ̀. Bí wọ́n bá lé wọn kúrò ní Agége, Ọ̀tà tàbí ibòmíràn tó jìnnà ni agbára wọn máa ká, owó ọkọ̀ á sì jẹ owó iṣẹ́ náà tán.

Àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà yìí náà, títí ilé iṣẹ́ náà fi ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ahunṣọ ni Àlàmú. Ìdí ẹ̀rọ ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ àti ìgbà àgbà rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ sì ti bá etí rẹ̀ jẹ́ kí ó tó mọ̀. Sùlíyá wà ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ aṣọ wò. Iná ńlá máa ń tàn lábẹ́ aṣọ, aṣọ á máa kọjá lórí rẹ̀, obìnrin náà á sì máa wá ojú ihò àti ibi tí òwú ti fò. Ní báyìí kò ríran mọ́, àfi bí òjìji. Dókítà ní àrùn ojú ni, kì í ṣe iná. Sùlíyá ò gbà. Ó ní dókítà ò bá òun dúró síwájú iná yẹn.

Nítorí náà, Àlàmú ló ń wo tẹlifíṣọ̀n, Sùlíyá sì ń jókòó tì í. Bí Shukurat ṣe rí i nìyẹn. Ó ti bẹ bàbá rẹ̀ títí pé kó yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀. Á yí i wálẹ̀, kò ní gbọ́, á tún un yí sókè. Ariwo tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, ariwo tọkọtaya á tún gorí rẹ̀.

Olúwayẹ́misí, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń dé túùbù, ló sọ fún un pé ohun kan wà tí wọ́n ń fi sétí, tí kò ní wáyà, tí ohùn tẹlifíṣọ̀n á gbà wọnú ẹ̀. "Ọ̀gá wa tó wà lókè ní ọ̀kan. Ìyàwó ẹ̀ á máa sùn, òun á máa wo bọ́ọ̀lù. Allen ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ń tà á."

Shukurat gba owó àjọ rẹ̀, èyí tí ó ti ń dá láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó lọ sí Allen.

Ọkùnrin tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù náà ń jẹ́ Emmanuel. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Agége ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara.

"Ẹ káàsán o, sister. Kí la fẹ́ rà?"

"Ohun tí bàbá mi máa fi sétí wo tẹlifíṣọ̀n. Etí wọn ti lọ."

"Ó lọ pátápátá, àbí ó ṣẹ́ kù díẹ̀?"

"Ó ṣẹ́ kù. Téèyàn bá pariwo sí wọn létí, wọ́n máa ń gbọ́."

Emmanuel mú ọ̀kan tó ní wáyà jáde. Shukurat na wáyà náà. Kò gùn ju apá rẹ̀ méjèèjì lọ.

"Ẹ gbé e padà. Bàbá mi á gbàgbé, wọ́n á dìde pé àwọn fẹ́ lọ tọ̀, wọ́n á sì wọ́ tẹlifíṣọ̀n tẹ̀lé ara wọn lọ sílé ìtọ̀."

Emmanuel rẹ́rìn-ín títí omi fi lé e lójú. Ó gbé páálí méjì sílẹ̀ lórí tábìlì. Inú páálí kọ̀ọ̀kan ni hẹ́dífóònù kan wà pẹ̀lú àpótí kékeré tó máa wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní àpótí yẹn ló máa ń gba ohùn, tí á sì fi iná kan tí ojú èèyàn ò lè rí gbé e fún ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Bátìrì méjì péré ni hẹ́dífóònù ń jẹ. Shukurat fi èkíní sétí. Ó tẹ̀ ẹ́ lórí. Ó fi èkejì sí i. Ìyẹn fúyẹ́, ṣùgbọ́n fóòmù etí rẹ̀ ti ń já.

"Èwo ló dára jù nínú méjèèjì?"

"Ó dọ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Èyí, iwájú tẹlifíṣọ̀n lẹ máa kì í bọ̀. Bó bá ti wọlé síbẹ̀ báyìí, tẹlifíṣọ̀n á panu mọ́. Ẹni tó gbé e sétí nìkan lá máa gbọ́. Èkejì yìí, ẹ̀yìn ló ń wọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ò ní panu mọ́. Bàbá á máa gbọ́ tiwọn sókè, àwọn tó kù nílé á máa gbọ́ tiwọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èèyàn mélòó ló ń wò ó?"

"Bàbá nìkan."

"Màmá ńkọ́?"

"Ojú ìyá mi ò ríran. Kí ni wọ́n fẹ́ wò?"

Emmanuel họ orí. "Wọn ò ní wò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un rò o."

"Mo ti rò ó, bùrọ̀dá mi. Èyí tó ń panu mọ́ ni kẹ́ ẹ fún mi. Tí ẹnu ẹ̀ bá ṣì là, bàbá mi á tún un gbé sókè, onílé á sì lé wa."

Ó san owó. Emmanuel fi bátìrì sí i, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án, kó má bàa ṣe é nílé kó bà jẹ́.

Nígbà tí ó dé ilé, iná wà. Ó ki wáyà àpótí náà bọ iwájú tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n sì panu mọ́ lójijì, àfi bíi pé ẹnìkan fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó fi hẹ́dífóònù kọ́ bàbá rẹ̀ létí, ó yí i sókè. Ìròyìn ni wọ́n ń kà. Àlàmú jókòó láìmira. Nígbà tó yá, ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n.

"Bébà! Mo gbọ́ bébà!"

"Bébà wo, Bàbá?" Shukurat pariwo.

"Bébà ọwọ́ ẹ̀! Ó ṣí i, mo gbọ́ bó ṣe dún! Ó tún mí! Sùlíyá, mo gbọ́ tó mí!"

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. Sùlíyá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó wá ọwọ́ Shukurat títí ó fi rí i mú. "Ọmọ mi, o ṣé. Ọlọ́run á gbọ́ tìẹ náà." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Kí ni wọ́n ń sọ nínú ìròyìn náà? Ṣé epo ti dé?"

Àlàmú ò gbọ́ ọ. Wọ́n ṣì ń ka ìròyìn lọ.

Ìyá Bọ́látitó wá dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn. "Àǹtí Shukurat, ọkọ mi ní kí n bá òun kí yín. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti dé ilé yìí, òun ò tíì sùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó hanrun títí mo fi rò pé ó ti kú." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Alhaji Suara pàápàá dúró lọ́nà mọ́ṣáláṣí kí ó lè yin Shukurat. Ó pa òwe méjì. Shukurat jẹ́ kó pa á tán.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bá bàbá rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n tó ń tàn láìfọhùn. Àlàmú á máa dá rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn á ní, "Háà!" tàbí "Ó parí!" Sùlíyá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń jókòó tẹ́lẹ̀, yóò kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Shukurat, ṣé eré ti bẹ̀rẹ̀ ni?" ó béèrè lọ́jọ́ kan.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Ìyá."

"Ó mà dáa."

Shukurat lọ gbé omi kaná. Kò rò ó síwájú sí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ń dùn ún, wọn ò sì ní lé wọn nílé mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, eré ń lọ lọ́wọ́, Shukurat sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ìrẹsì. Àlàmú bú sẹ́rìn-ín. Ó rín ẹ̀rín náà pẹ́.

"Kí ló ṣe?" Sùlíyá béèrè. Kò sí ìdáhùn. "Bàbá Shukurat, kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?" Kò sí ìdáhùn. Ó na ọwọ́, ó wá orúnkún ọkọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àlàmú fò dìde.

Nínú gbọ̀ngán tí wọ́n ti ń hun aṣọ, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí òwú bá já lórí ẹ̀rọ rẹ tí o kò rí i, ẹni tó wà nítòsí á gbá ọ pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó ń sọ ni pé: dá a dúró. Ẹni tí wọ́n gbá bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ìdí. Á dá ẹ̀rọ dúró ná, nítorí bí ó bá lọ́ra, aṣọ ti bà jẹ́. Gbogbo ahunṣọ ló mọ̀ ọ́n. Àlàmú ti fi kọ́ Shukurat nígbà tó wà ní kékeré: bí ariwo ọmọdé bá pọ̀ jù, á gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Sùlíyá ò bá wọn ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngán yẹn. Yàrá tó dákẹ́ ló wà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń yẹ aṣọ wò.

Àlàmú já hẹ́dífóònù kúrò létí. "O ní kí n dá a dúró? Kí ni mo ṣe?"

"Mi ò ní kí ẹ dá nǹkan kan dúró," Sùlíyá dáhùn. Kò pariwo.

Àlàmú ò gbọ́. "Ọlọ́run dá etí mi padà fún mi lọ́jọ́ alẹ́, o ní kí n dá a dúró! Mo mọ ohun tó ń bí ẹ nínú. Tẹ́lẹ̀, ìwọ lò ń sọ fún mi. Ohun tó bá wù ẹ́ lò ń sọ! Mo ti ń gbọ́ ọ fúnra mi báyìí. Ìlàjì ohun tó o máa ń sọ fún mi, wọn ò sọ ọ́! Tìẹ lo fi ń kún un!"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé obì ni ìyá yẹn ń jẹ lóòótọ́?"

Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́. Shukurat nìkan ló gbọ́ ọ. Ẹ̀rín wà nínú ohùn ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Shukurat ò wá ẹ̀rín lọ́jọ́ náà. Òun náà ti rí ọwọ́ tó gbá orúnkún. Ohun tí bàbá rẹ̀ kà sí i ni òun náà kà sí i. Ó rántí àjọ rẹ̀, ó rántí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò rà mọ́.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin ò kúkú ríran."

Sùlíyá dìde. Ó fi ọwọ́ wá ògiri, ó tẹ̀lé e wọ yàrá lọ. Àlàmú gbé hẹ́dífóònù rẹ̀ padà sétí.

Jimoh, àbúrò Sùlíyá, máa ń fi ọkọ̀ kó iṣu láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Agége. Nígbà tó tún dé, ó bá àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ó ti di í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìrìn-àjò ibo nìyí?"

"Ilé ni. Ilé bàbá wa. Ṣé àyè wà nínú ọkọ̀?"

Jimoh wo Shukurat. Shukurat fa ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ni? Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́. Oríṣi kejì wà ní Allen, èyí tí tẹlifíṣọ̀n ò ní panu mọ́. Màá bẹ ọkùnrin yẹn kó bá mi pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin náà á máa gbọ́."

"Kí n máa gbọ́ kí ni?"

"Tẹlifíṣọ̀n."

"Kì í ṣe ohùn tẹlifíṣọ̀n ni mo ń wá, Shukurat." Obìnrin náà ń tún ìdí àpò so, ó ń fi ìka wá ojú okùn. "Bàbá ẹ ló ń ríran fún mi. Èmi ni mò ń gbọ́ràn fún wọn. Bá a ṣe ń wò ó nìyẹn. O ò mọ̀?"

Shukurat di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí okùn náà.

"Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn fẹ́ bi wọ́n pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni."

"Ṣùgbọ́n ẹ gbá wọn lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kéèyàn gbá ọkọ ẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni Shukurat tó mọ̀ pé ìyá òun ò mọ ohun tí gbígbá lẹ́ẹ̀mejì ń jẹ́ láàárín àwọn ahunṣọ. Ó sáré wọlé lọ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Ó pariwo rẹ̀ sí i létí. Àlàmú ní irọ́ ni, pé aya ahunṣọ wo ni kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ, bí inú rẹ̀ bá rọ̀, á padà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò náà dé ìdí ọkọ̀ Jimoh. Sùlíyá gun ọkọ̀, ó sì ní, "Ó dàbọ̀ o, Bàbá Shukurat." Àlàmú ti yíjú sílé.

Inú Sùlíyá ò tètè rọ̀. Jimoh ń lọ, ó ń bọ̀, òun nìkan ló ń bọ̀. Àlàmú ń wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ ń dín kù. Nígbà tó yá, bí eré bá dùn, á yíjú sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á la ẹnu, á sì tún un pa. Shukurat gbìyànjú láti jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ sinmi, pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan tí NẸ́PÀ mú iná lọ láàárín eré, Àlàmú yọ hẹ́dífóònù kúrò létí, ó pe Shukurat.

"Ìyá ẹ ò mọ gbígbá ẹ̀ẹ̀mejì yẹn lóòótọ́?"

"Kò mọ̀ ọ́n, Bàbá," Shukurat pariwo sí i létí.

"Mi ò fi kọ́ ìyá ẹ rí." Ó ronú sí i. "Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n fi kọ́ ọ. Mo rò pé gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀."

Epo ti wọ́n ní Èkó lásìkò náà, àwọn sójà sì wà ní gbogbo ilé epo. Ó pẹ́ kí Àlàmú àti Shukurat tó rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ bẹ Sùlíyá. Orí ìjókòó onígi ni wọ́n wà dé Ìbàdàn. Àlàmú wọ bùbá funfun. Lójú ọ̀nà, ó tún un sọ fún Shukurat léraléra bí òun ṣe máa sọ ọ́: pé òun ṣi ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ ni, pé òun máa yọ nǹkan náà kúrò nílé, pé kó wá káwọn máa lọ.

Wọ́n bá Sùlíyá lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀, òun àti àwọn obìnrin ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ọwọ́ rẹ̀ ń yá ju tàwọn tó ríran lọ. Obìnrin tó jókòó tì í ń wo ìta, ó sì ń sọ gbogbo ẹni tó ń kọjá fún un, ẹrù tí wọ́n rù, àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ tún ti lóyún. Àwọn tó kù ń dá sí i. Ẹ̀rín ń lọ.

"Sùlíyá," obìnrin náà ní, "ọkọ rẹ rèé o. Ó wọ aṣọ funfun. Ó ti rù. Shukurat ló tẹ̀lé e."

Ọwọ́ Sùlíyá dúró. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Shukurat. Ṣé ọ̀nà ò le jù?"

Wọ́n gbé àga fún Àlàmú. Kò jókòó. Jimoh ti jáde láti inú ilé, àwọn obìnrin ti gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tó ti kọ́ lójú ọ̀nà, ó sọ ọ́ sókè gẹ́gẹ́ bí gbogbo adití ṣe ń sọ̀rọ̀, kò sì fo ọ̀kan.

Sùlíyá gbọ́ ọ dópin. Nígbà tó dáhùn, kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹ ti gbọ́ bébà. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò puró. Mi ò sì bínú nítorí pé ẹ pariwo mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì yín lójoojúmọ́, ẹ ò bi mí pé ṣé mo wà níbẹ̀. Ẹ ò rántí. Mo wá ń rò ó pé, tó bá jẹ́ pé etí lẹ̀ ń wá lára mi, ẹ ti rí òmíì. Mi ò lè padà lọ jókòó síbẹ̀. Níbí ni màá wà."

Àlàmú ti ń wo ẹnu rẹ̀. Ó yíjú sí Shukurat. "Kí ló wí?"

Gbogbo wọn wo Shukurat. Jimoh ṣẹ́jú sí i. Ó rọrùn láti ní ó rẹ ìyá, pé wọ́n á bọ̀ lẹ́yìn tí òjò bá dá. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó rọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ tó rọ̀ lọ́la, títí ọjọ́ á fi lọ. Shukurat ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó fi ẹnu sí bàbá rẹ̀ létí, ó sì pariwo rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Ó pariwo "ẹ ò rántí." Ó pariwo "ẹ ti rí òmíì." Àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró.

Nígbà tó parí, Àlàmú jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó ní kí wọ́n bun òun lómi. Wọ́n bù ú fún un, ó mu ún tán, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bù ú. Lẹ́yìn náà ó ní ó yẹ kí àwọn máa lọ, kí ọkọ̀ má bàa wọ́n.

Ìyá Bọ́látitó àti ọkọ rẹ̀ kó jáde lóṣù tó tẹ̀lé e. Wọ́n rí ilé tó tóbi ju èyí lọ ní Ọgbà. Alhaji Suara ò lé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Iléyá dé, ìsinmi ọjọ́ méjì ni ilé iṣẹ́ fún Shukurat. Ó lo ọ̀kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọ̀nà sì jẹ èkejì. Ní Agége, bàbá rẹ̀ dá jẹun ọdún.